Àbùlẹ̀ Tó Bo Agbárí

Bí ẹ bá fara balẹ̀ rin Arakale ní Àkúrẹ́, tí kì í ṣe ìrìn ẹni tí ọ̀kadà ń lé, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà Àlájà Àṣàkẹ́. Níwájú rẹ̀, lábẹ́ agbòòrùn ńlá kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, obìnrin kan máa ń jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ. Adépéjú Akínsànyà ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ní Oǹdó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi orúkọ yẹn wá a kiri ní Arakale o, nítorí wọn kò ní mọ ẹni tí ẹ ń sọ. Ìyá Alábùlẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì gbé e débẹ̀. Ó ń fi aṣọ bo àwòrán mọ́lẹ̀ lára aṣọ.

Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé kí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ òyìnbó kan wà tí wọ́n ń gun sikéètì, pátákó pẹlẹbẹ onítáyà mẹ́rin tí wọ́n máa ń dúró lé lórí, tí wọ́n á fi sáré lórí kọnkéré, tí wọ́n á fi fò, tí wọ́n á sì fi ṣubú. Àwọn tó ń rán aṣọ fún wọn fẹ́ràn ohun tó ń dẹ́rù ba ènìyàn. Wọ́n á ya agbárí sí àyà ẹ̀wù, wọ́n á ya èṣù oníwo sí ẹ̀yìn, wọ́n á fi ojú kan ṣoṣo sí àárín àtẹ́lẹwọ́. Eré ni lójú tiwọn. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ sú, wọ́n á kó o dànù, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e wá bá Àlájà Àṣàkẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò mọ sikéètì, tí kò sì wá ìjà ẹnikẹ́ni.

Ta ni yóò ra irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́ ayé ìgbà náà? Ẹni tó bá wọ agbárí jáde, ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, kò sí ẹjọ́ tó fẹ́ rò tí wọ́n máa gbọ́. Aṣọ náà nípọn, ó lágbára, ó sì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti oṣù dé oṣù. Àlájà ti ń fi àwọn kan nu fèrèsé kí Adépéjú tó dé, opó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó ní maṣíìnì tí kò sì ní oníbàárà. Ó mú ẹ̀wù kan, ó gé ègé ańkárá kékeré, ó tẹ́ ẹ lé agbárí náà lórí, ó sì rán an mọ́ ọn yípo. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ra ẹ̀wù náà.

Báyìí ni agbárí ṣe ń wọlé tí òdòdó ń jáde. Gbogbo ìlú rà á. Mo mọ ọ̀gá akọrin kan tó gbé èṣù oníwo méjì sí ikùn fún odindi ọdún mẹ́ta lábẹ́ ańkárá pupa, tó ń fi lọ síbi ìpàdé àdúrà, tí èṣù náà kò sì yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Ohun tí ojú kò rí ní ìlú wa kì í jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ayé wá yí. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó yí gan-an. Ó lè jẹ́ inú fóònù ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ àwọn olórin. Ohun tí a kàn rí ni pé àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí abẹ́ agbòòrùn náà pẹ̀lú ẹ̀wù tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti wọ̀ gbó. "Màmá, ẹ bá mi tú u. Mo fẹ́ kí lógò ẹ̀ hàn." Agbárí ti di oge. Èyí tí wọ́n ń sá fún lánàá ni wọ́n ń dù lónìí, wọ́n sì mọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ oríkì. Ọmọ Fíkà ìjọ Adépéjú pàápàá mú méjì wá lọ́jọ́ kan, ó sì dúró tì í títí ó fi tú u tán.

Adépéjú kì í bá wọn jiyàn. Ó ní ọ̀nà tó ń gbà tú àbùlẹ̀. A kì í fa òwú rẹ̀ láti òkè, nítorí bí a bá fà á, aṣọ á ya. A ó yí inú ẹ̀wù síta, a ó fi orí abẹ gé ojú rírán kan ṣoṣo, a ó sì fi ìka rọra tì í. Àwọn tó kù á máa tú fúnra wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dùn lọ́jọ́ tó bá ń tú àbùlẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé ìlú kò fìgbà kan sọ pé òun ṣàṣìṣe. Ìlú kò tilẹ̀ rántí. Wọ́n ti gbé ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀ bí ẹni gbé bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun ní tirẹ̀, ó ti fi ọmọ san ìbẹ̀rù náà.

Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Silas ọkọ rẹ̀ bí ni Ọmọ́níyì. Olùkọ́ ni Silas, ó sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú kúáyà ìjọ Áńgílíkà títí àìsàn fi gbé e lọ. Nígbà tí Ọmọ́níyì di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń retí yunifásítì, ó rí pátákó sikéètì tòkúnbọ̀ kan láàárín ẹrù tó bá bẹ́ẹ̀lì Àlájà dé. Agbárí kan wà lábẹ́ pátákó náà, táyà kékeré wà láàárín eyín rẹ̀. Ẹ̀wù dúdú kan tún wà nínú bẹ́ẹ̀lì tó ní agbárí yẹn gan-an láyà. Ọmọ́níyì gba méjèèjì, ó sì di ẹni tí ojú rẹ̀ ń bó, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń bó, lórí kọnkéré ilé kan tí wọn kò kọ́ parí. Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tó rí ohun tí wọ́n dá a láti ṣe.

Ọdún yẹn kò dára. Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ń pa ara wọn ní ìgboro, fijilanté sì ń mú ọmọ tí wọ́n bá ti rí nǹkan lára aṣọ rẹ̀. Fíkà àtijọ́ wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ìyá Ọmọ́níyì, ẹ mójú tó ọmọ yín." Ó mu omi, ó sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọmọ náà bá pẹ́ níta, Adépéjú á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, nígbà tí Ọmọ́níyì lọ pọn omi, Adépéjú mú ẹ̀wù dúdú náà. Kò rí ańkárá nítòsí, ló bá ṣí àpótí, ó gé ìṣẹ́tí kásọ́ọ̀kì aláwọ̀ aró tí Silas máa ń wọ̀ kọrin. Òwú dúdú ti tán, ó fi funfun rán an, ó sì fi ojú rírán mẹ́ta parí igun kọ̀ọ̀kan bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Oǹdó. Ọmọ́níyì dé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ti sọ agbárí mi di ọmọ kúáyà." Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ jáde.

Ká ní ó dúró síbẹ̀, ìtàn yìí ìbá má sí. Ṣùgbọ́n ó ku agbárí tó wà lábẹ́ pátákó, a kò sì lè rán aṣọ mọ́ igi. Adépéjú mú àfọ́kù ìgò, ó ha àwòrán náà kúrò títí igi fi funfun. Nígbà tí ọmọ náà ti ibi lẹ́sìnnì dé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lábíyá. "Mọ́mì, èyí tẹ́ ẹ bò, mi ò bá yín jà. Ẹ ò bá má ha á." Ọ̀rọ̀ di ariwo. Adépéjú sọ̀rọ̀ bí ìyá tí ẹ̀rù ń bà ṣe ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan lé òmíràn lórí. Bí ẹ bá bi í lónìí ohun tó sọ, kò lè sọ fún yín. Àmọ́ igi funfun yẹn kò kúrò lójú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, Ọmọ́níyì gbé pátákó rẹ̀, ó lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ ní Èkó. Ọdún mọ́kànlá rèé, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀.

Kò kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ o, ẹ má ṣì í gbọ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú, fóònù á dún.

"Mo wà, Mọ́mì."

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, mà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ, mà. Èkó ń bẹ níbẹ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti tán. Adépéjú á gbé fóònù sórí Bíbélì, á sì máa wò ó bí ẹni pé ó tún lè dún. Yàrá méjì ló háyà ní Òkè-Àrò, ọ̀kan ṣófo. Ó ń gbá a lójoojúmọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà ẹnì kan, ó sábà máa ń ṣẹ́ kù, á sì jẹ èyí tó kù lówùúrọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tútù. Bí ó bá ń ránṣọ nílé, á tan rédíò síbẹ̀ kí ohùn kan lè wà nínú ilé, kó má bàa jẹ́ pé maṣíìnì nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀. Obìnrin náà dá wà. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá tó kọjá yìí, ọmọbìnrin kan wá sí abẹ́ agbòòrùn. Ó wọ ṣòkòtò tí orúnkún rẹ̀ ti bó, orúnkún tòun náà sì ti bó. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàsán, mà. Àwọn ní ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ àbùlẹ̀ jù."

Adépéjú gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ohùn Oǹdó nìyẹn. Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Goodness ni orúkọ mi, mà. Oǹdó ni ilé wa. Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́ níbí, ní yunifásítì. Mo máa ń lọ sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀."

"Mú un wá. Ṣé kí n tú u pátápátá?"

"Rárá o, mà." Ó yára di ẹ̀wù náà mú. "Ẹ má tú u. Etí rẹ̀ ló ń ṣí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rán an padà bó ṣe wà gan-an."

Láti ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bẹ Adépéjú pé kó bo nǹkan mọ́. Ó na ọwọ́ gba ẹ̀wù náà. Dúdú rẹ̀ ti ṣí di àwọ̀ eérú. Àbùlẹ̀ aláwọ̀ aró wà láyà rẹ̀, òwú funfun ló yí i ká, pínnì kékeré kan ló gbá igun kan mú. Igun mẹ́ta yòókù ní ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Adépéjú fi ẹ̀wù náà sórí itan. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó fi í sójú, ó sì tún bọ́ ọ.

"Ta ló ni ín?" Ó bi í bí ẹni tó ń bèèrè iye àlùbọ́sà.

"Ọ́ńkù wa ni, mà. Ọ́ńkù Níyì. Àwọn ló ń kọ́ wa ní sikéètì. Wọn ò mọ̀ pé mo mú un wá, mo ní mo fẹ́ bá wọn fọ̀ ọ́ ni."

"Ní Oǹdó?"

"Ní Oǹdó, mà. Ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí láyé àtijọ́, lójú ọ̀nà Ọkà. Kọnkéré ibẹ̀ ń dán. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti Èkó dé."

Oṣù mẹ́jọ. Adépéjú bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ Àìkú nínú ọkàn rẹ̀, ó dé mẹ́wàá, ó jáwọ́. Ní gbogbo wọn ni ó ti gbọ́ pé Èkó ń bẹ níbẹ̀. Láti Oǹdó sí Àkúrẹ́ kò tó ohun tí ọbẹ̀ ẹran yóò fi jinná.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí," ó ní, "lógò lẹ ń wá. Kí ló dé tí kò tú u?"

"A bẹ̀ wọ́n títí, mà, torí lógò yẹn ti dọ́wọ̀n. Wọ́n ní ìyá àwọn ló rán an, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ní báyìí, gbogbo wa ti lẹ aṣọ aró mọ́ àyà tiwa." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Tiwa ò tiẹ̀ bo nǹkan kan."

"Ìyá rẹ̀ wá dà?"

"Wọ́n ní Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n wà, mà. A ní kí ló dé tí wọn kì í lọ kí ìyá wọn. Wọ́n ní ìyá àwọn sọ pé àwọn ò gbọdọ̀ gbé pátákó wọ ilé wọn mọ́ títí láé. Wọ́n ní àwọn ò lè fi pátákó sílẹ̀, àwọn ò sì lè máa fi í pamọ́ sí ìta bí olè kí àwọn tó wọlé lọ kí ìyá àwọn."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Adépéjú jókòó síbẹ̀, gbólóhùn náà padà wá bá a lódindi, pẹ̀lú ohùn òun fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀. Má gbé e wọ ilé mi mọ́ títí láé. Òun ló sọ ọ́. Ó sọ ọ́, ó gbàgbé rẹ̀, ó sì fi ọdún mọ́kànlá rò pé igi tí òun ha ló ń bí ọmọ òun nínú. Ọmọ náà kò bínú. Ó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni.

Ó yẹ kó sọ fún Goodness ẹni tí òun jẹ́. Kò sọ. Ojú tì í. "Wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì," ló wí.

Kò rán an ní Arakale. Ó mú un lọ sílé, ó jókòó sí ojú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, ó sì yọ pínnì náà. Àbùlẹ̀ ṣí díẹ̀ níbi igun náà. Ó gbé e sókè láti wo abẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀wù náà ti gbó, oòrùn ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n agbárí náà funfun báláú, táyà ẹnu rẹ̀ sì pupa bí ọjọ́ tó jáde nínú bẹ́ẹ̀lì. Ohun tó fẹ́ kí ó parẹ́ ni àbùlẹ̀ rẹ̀ ti tọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, ó sunkún dáadáa, kò sẹ́ni nílé tó lè bi í pé kí ló dé. Nígbà tó ṣe tán, ó wá òwú funfun, ó rán an padà, ó sì fi ẹsẹ̀ ẹyẹ parí igun rẹ̀.

Goodness gba ẹ̀wù lọ́jọ́ Ẹtì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Adépéjú yà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú báàgì àti gèlè orí.

Àlájà Àṣàkẹ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Níbo lo ń lọ? Òkú àbí ìgbéyàwó?"

"Oǹdó ni, Àlájà. Ọmọ mi wà níbẹ̀."

Àlájà ló ta pátákó náà fún Ọmọ́níyì lọ́jọ́ kìíní, kò sì gbàgbé rí. "Máa lọ," ó ní. "Èmi á gbé maṣíìnì wọlé. Bá mi kí i. Bó bá ń bínú, sọ fún un pé èmi ni mo tú bẹ́ẹ̀lì yẹn."

Nínú ọkọ̀, Adépéjú jókòó ti fèrèsé. Ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Kí wọ́n tó dé afárá Ọ̀wẹnà, ó ti tò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n tó wọ Oǹdó, gbogbo rẹ̀ ti túká. Kò yà sí ilé bàbá rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ọkà, ó sọ̀ kalẹ̀ síwájú àká kòkó kan tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, ó sì gbọ́ ìró táyà lórí sìmẹ́ńtì kó tó rí ẹnikẹ́ni.

Ẹnu ọ̀nà àgbàlá ṣí sílẹ̀. Adépéjú dúró sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wo inú. Kọnkéré náà gùn, ó dán, níbi tí bàbá òun náà ti ń tẹ́ kòkó sílẹ̀ nígbà èwe òun. Àwọn ọ̀dọ́ bíi méjìlá ń gun pátákó lórí rẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Àbùlẹ̀ aró wà láyà gbogbo wọn. Ó rí i pé wọn kò mọ̀ ọ́n rán. Ti ẹlòmíràn wọ́, ti ẹlòmíràn ti fẹ́ já. Ó wu ọwọ́ rẹ̀ kó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó bá wọn tún un ṣe.

Ọmọ́níyì wà láàárín wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ó wọ ẹ̀wù tirẹ̀. Ó ti sanra ní èjìká. Ó dúró bí Silas ṣe máa ń dúró, ẹsẹ̀ kan níwájú, ọwọ́ ní ìbàdí, orí rẹ̀ sì ti ń pá ní àárín bíi ti Silas. Oòrùn ọ̀sán ń sọ sí orí náà gan-an. Fìlà rẹ̀ wà lórí ògiri kúkúrú kan lápá ọ̀tún rẹ̀.

Adépéjú ní kí ẹsẹ̀ òun máa lọ. Ẹsẹ̀ kọ̀. Bí ó bá yíjú, tó wo òun bí ó ṣe ń wo ẹni tó ń ṣìnà ńkọ́? Ọdún mọ́kànlá pọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó mú fóònù, ó sì tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo tó mọ̀ lórí.

Ó rí i tó yọ fóònù lápò. Ó rí i tó wò ó pẹ́, tó gbé ọwọ́ sókè kí àwọn ọmọ náà dákẹ́. Gbogbo táyà dúró.

"Mọ́mì. Ẹ káàsán, mà. Ṣé kò sí o? Òní kì í ṣe Sọ́ńdè."

"Kò sí nǹkan kan. Níbo lo wà?"

Ọwọ́ òsì Ọmọ́níyì ti lọ sí àyà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, Adépéjú sì mọ ohun tí ìka náà ń ṣe. Igun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ló ń fi ìka tọ́ wò, ẹsẹ̀ ẹyẹ tuntun.

"Mo wà l'Ékòó, mà."

Ohùn náà wọ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gba inú fóònù wá, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wá. Ó dùn ún dé ọkàn. Ṣùgbọ́n ó mọ àbùlẹ̀ bó bá rí i. Òun ló kọ́ ọmọ yìí pé ohun tó bá lè bí ìyá nínú, bíbò ni kó bò ó. Kò ní í fa òwú náà láti òkè. Ó wá ojú rírán kan ṣoṣo.

"Oòrùn Èkó yẹn mú lónìí," ó ní. "Fìlà rẹ wà lórí ògiri lápá ọ̀tún rẹ. Dé e."

Ọmọ́níyì kò yíjú. Ó dúró gbagidi, àwọn ọmọ náà ń wò ó, Goodness ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí ibi ògiri, ó mú fìlà, ó dé e, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

"Mo ti dé e, mà."

"Bí o bá ń bọ̀ nílé, gbé pátákó náà dání. Gbé e wọlé. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìgbà náà ló tó yíjú padà. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo abẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó sì rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lápá, tí kò tíì gbé fóònù kúrò létí.